Ìgbẹ́ Gbuuru Nínú Wọ́ọ̀dù: Ẹ̀kọ́ Tí Ilẹ̀ England Fi Ẹ̀mí Ènìyàn Kọ́

Nígbà tí ẹnìkan nínú wa bá wọ ilé ìwòsàn, ìrètí gbogbo wa ni pé kí ó jáde pẹ̀lú ara líle. Ó ṣeni láàánú pé nígbà mìíràn, àìsàn tí kò bá a wọlé ni yóò dè é mọ́ ibùsùn. Ọ̀kan pàtàkì nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru tí ń ràn láti ọ̀dọ̀ aláìsàn kan sí èkejì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú ní àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ England, àwọn ará ìjọ sì ń bẹ àwọn aláìsàn wò níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Láàárín ọdún 2003 sí 2005, ẹ̀ẹ̀mejì ni àrùn yìí jà ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní Buckinghamshire. Ó mú aláìsàn 334, ó sì kéré tán, 33 nínú wọn ni ó dájú tàbí tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òun ni ó pa wọ́n. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn Maidstone àti Tunbridge Wells ní Kent. Láti oṣù kẹrin ọdún 2004 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, ó mú aláìsàn tí ó lé ní 1,100, ó sì dájú tàbí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òun gan-an ni ó pa nǹkan bí 90 nínú wọn.

Healthcare Commission, àjọ tí ń ṣe àbójútó iṣẹ́ ilé ìwòsàn ní England nígbà náà, wádìí ọ̀ràn méjèèjì. Ohun tí wọ́n rí kò jọ mọ́ àìsí oògùn. Ní Kent, àwọn ibùsùn fún mọ́ra jù, ìmọ́tótó kò tó, nọ́ọ̀sì kò tó, wọ́n tilẹ̀ ń sọ fún àwọn aláìsàn kan pé kí wọ́n ya ìgbẹ́ sórí ibùsùn. Ní Stoke Mandeville, àwọn amòye dámọ̀ràn pé kí a ya àwọn tí àrùn mú sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó àti iye aláìsàn tí ìjọba fẹ́ kí wọ́n yára gbà wọlé ni àwọn aláṣẹ gbájú mọ́. Ohun kéékèèké ni wọ́n fi sílẹ̀, ohun ńlá ni ó sì dé.

Kòkòrò tí ó ṣe iṣẹ́ ibi yìí ni Clostridioides difficile, tí àwọn ènìyàn ń pè ní C. diff. Nínú ìfun wa, àìmọye kòkòrò àìfojúrí tí ń ṣe wá ní rere ni ó ń gbé, àwọn ni kì í jẹ́ kí àwọn búburú ráyè. Nígbà tí aláìsàn bá ń lo antibáyọ́tíìkì, oògùn náà lè pa àwọn rere wọ̀nyí pẹ̀lú. C. diff yóò wá ráyè gbilẹ̀, yóò sì máa tú oró tí ń ṣá ìfun lọ́gbẹ́. Àwọn àgbàlagbà tí ó lé ní ọdún 65 ni ó ń bá jà jù. Oògùn tí a fi gba ẹnìkan là lọ́wọ́ àrùn àyà lè ṣílẹ̀kùn fún àrùn ìfun. Ìdí nìyí tí a kò gbọdọ̀ fi antibáyọ́tíìkì ṣeré.

Báwo ni a ṣe ń dá àrùn náà mọ̀? Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ gbuuru ni ó jẹ́ tirẹ̀. Oògùn tí ń mú ni yàgbẹ́ lè fà á. Fáírọ́ọ̀sì norovirus, tí ń mú ni bì, lè fà á pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ya ìgbẹ́ olómi lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24, tí a kò sì rí ìdí mìíràn, ó yẹ kí a fura. Yàrá àyẹ̀wò yóò kọ́kọ́ wo bóyá kòkòrò náà wà nínú ìgbẹ́, lẹ́yìn náà bóyá ó ń tú oró. Ẹlòmíràn ń gbé kòkòrò yìí kiri láìṣàìsàn, nítorí náà a kì í yẹ ìgbẹ́ tí ó dì wò.

Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní England ní ọdún 2008 ka ohun márùn-ún: kí a fura, kí a ya aláìsàn sọ́tọ̀, kí a wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ìdáàbòbò, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, kí a sì fi ìgbẹ́ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ẹ kíyèsí i pé àyẹ̀wò ni ó gbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ń dúró de èsì kí ó tó ya aláìsàn sọ́tọ̀ ti fún àrùn náà láàyè láti rìn.

Ní ti ìtọ́jú, a gbọ́dọ̀ dá omi tí ó sọnù padà sí ara aláìsàn. Dókítà yóò dá antibáyọ́tíìkì tí ó fa ọ̀ràn dúró bí ó bá ṣeé ṣe, yóò sì yẹra fún oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró, nítorí pé oró náà kò gbọdọ̀ há sínú. Vancomycin tí a ń gbé mì fún ọjọ́ 10 ni oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò ní England. Síbẹ̀, nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún ni àrùn náà tún ń padà sí lára. Fún àwọn tí ó ń padà sí lára léraléra, wọ́n ń gbé kòkòrò rere láti inú ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le sínú ìfun aláìsàn. Nínú ìwádìí kan ní Netherlands tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2013, 13 nínú aláìsàn 16 ni ó rí ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a ṣe é fún wọn.

Láti ọdún 2007 sí 2008, ó lé ní 55,000 ènìyàn tí àrùn náà mú ní England. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2013 sí 2014, iye náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 13,000. Èrò tiwa ni pé oògùn tuntun kọ́ ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà: wọ́n ka iye aláìsàn wọ́n sì kéde rẹ̀, wọ́n dín àwọn antibáyọ́tíìkì kan kù, wọ́n fi omi klórínì nu wọ́ọ̀dù, wọ́n sì ń ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, iye náà tún ti ń gòkè. Ìṣẹ́gun tí a fi ìmọ́tótó gbà, ìmọ́tótó náà ni a fi ń pa á mọ́.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ìjọ. C. diff máa ń sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle bí hóró, ó sì lè wà lórí irin ibùsùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Jẹ́ẹ̀lì ọlọ́tí tí a fi ń pa ọwọ́ kì í pa á. Ọṣẹ àti omi ni ó ń ṣàn án lọ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó ń gbé ọwọ́ lé aláìsàn láti ibùsùn kan dé òmíràn, tàbí tí ó ń fi òróró yàn wọ́n, lè gbé àrùn lọ pẹ̀lú àdúrà. Nítorí náà, ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe jókòó lórí ibùsùn aláìsàn, ẹ má sì lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, kí ó dúró sílé títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ó dáwọ́ dúró.

Ojú máa ń ti àwọn àgbàlagbà láti sọ pé inú àwọn ń ṣiṣẹ́. Bí bàbá tàbí ìyá bá sọ ọ́ fún yín, ẹ bá wọn sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Àwa tí a wà nílé ní Nàìjíríà pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú ríra antibáyọ́tíìkì ní ilé oògùn láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún wa. Bí ìjọ bá sì ń wá ẹ̀bùn tí yóò fún ilé ìwòsàn àdúgbò, kí ó ronú nípa ọṣẹ, omi ẹ̀rọ àti ọpọ́n ìfọwọ́ kí ó tó ronú nípa ohun tí a ó kọ orúkọ ìjọ sí lára.