Bàbá tí kì í fẹ́ kúrò nílé

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú ilé wọn ni ayé wọn parí sí. Ẹ wo bàbá tẹ́là kan ní Múṣin. Ó lọ wo Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde lẹ́ẹ̀kan, ó wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ n'Ágbádárìgì lẹ́ẹ̀kan. Ó tán! Abẹ́òkúta, ìlú ìyá ẹ̀ gan-an, àfi tí wọ́n bá ń ṣòkú.

"Ilé làbọ̀ sinmi oko," ló máa ń wí.

Ìyàwó ẹ̀ á ní: "Dádì wọn, oko wo lẹ lọ tẹ́ ẹ fi ń sinmi?"

Ẹ má bá a wí jù o. Owó ọkọ̀ èèyàn márùn-ún, àlọ àtàbọ̀, kì í ṣọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kérò lọ́dún 2021, àwọn ọmọ ò jẹ́ kó gbádùn. Ni wọ́n bá gbé màmá àgbà dání, wọ́n wọkọ̀ l'Ébùúté-Mẹ́ta, ó di Abẹ́òkúta, ó di ìdí Olúmọ. Màmá jókòó sísàlẹ̀ àpáta, ó ń sọ fáwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ báwọn Ẹ̀gbá ṣe sá pamọ́ síbẹ̀ nígbà ogun. Bàbá tẹ́là ò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ẹ̀ rí, àgbà tó ti lé láàádọ́ta ọdún!

Ọdún kejì ni màmá papòdà. Fọ́tò ọjọ́ yẹn ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù báyìí.

Bàbá ṣì fẹ́ràn ilé ẹ̀ o. Àmọ́ táwọn ọmọ bá ti ní, "Dádì, Ìkọ́gòsì ńkọ́, níbi tómi gbígbóná àti tútù ti pàdé?" kì í sọ pé rárá mọ́. Ohun tó máa ń bi wọ́n ni pé, "Èló lowó ọkọ̀?"