Ẹ Fi Sátidé Tíṣà Yẹn Sílẹ̀ Fún Un

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí nínú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Ẹni tí kò bá bá lára mu, kó má bínú sí mi.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń ṣe iṣẹ́ tíṣà lókè òkun ni. Mo mọ ọ̀kan dáadáa, ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni. Jos níbí ni wọ́n bí i sí, ojú wa ló ṣe dàgbà. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì níbí kó tó lọ. Ní February 2023, ìjọba England ṣí ọ̀nà pé kí àwọn tíṣà láti Nàìjíríà, Ghana àti àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan lè fi ìwé ẹ̀rí wọn béèrè fún ìwé àṣẹ tíṣà tiwọn lọ́hùn-ún. Ó wà lára àwọn tó gba ọ̀nà yẹn lọ. Ọmọ ọdún 28 ni. Apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé, kò jìnnà sí Peckham.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ń gbádùn ara rẹ̀. Gbogbo Sátidé ló ń gbé fọ́tò sórí WhatsApp. Ẹ ó rí òun àti àwọn òyìnbó níbi tí wọ́n ti ń sáré nínú páàkì, ìborí rẹ̀ wà lórí. Ẹ ó rí òun àti àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí. Nígbà mìíràn, aṣọ ẹbí ló máa wọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Alhaji tí gbogbo wa mọ̀, wo àwọn fọ́tò yìí títí, ó ní, "Ṣé ohun tí a torí ẹ̀ ta ilẹ̀ nìyí?" Ni wọ́n bá pe ìpàdé ẹbí. Wọ́n pe ọmọ náà lórí fóònù ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, wọ́n bá a wí fún bíi wákàtí kan. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn ti fi fọ́tò rẹ̀ pamọ́ fún gbogbo ẹbí. Màmá rẹ̀ ò rí nǹkan kan mọ́. Obìnrin náà gbé fóònù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń béèrè bóyá fóònù òun ló bàjẹ́.

Èrò tèmi ni pé àwọn àgbà ẹbí ni kò ṣe dáadáa, kì í ṣe ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lọ́hùn-ún pé ọjọ́ 195 ni wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ lọ́dún, àti pé wákàtí 1,265 ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lè pín iṣẹ́ sí fún wọn. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á ní, "Háà, ó mà kéré o." Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú ìwé ọmọ tí wọ́n ń máàkì àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń múra sílẹ̀ kò sí nínú wákàtí yẹn. Alẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, nínú ilé, ẹnikẹ́ni ò sì ń kà á fún wọn. Ọmọ yìí ní tí òun bá wọlé nírọ̀lẹ́ Fúráìdè, ohùn òun á ti há. Àwọn ọmọ kíláàsì kan ń fi bó ṣe ń pe òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́. Ní December, oòrùn á ti wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Òkùnkùn ló bá jáde láàárọ̀, òkùnkùn náà ló tún bá wọlé, ó di inú yàrá kan ṣoṣo, kò sí ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn pé "Ẹ kú ilé o." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé àgbàlá tí ilé mẹ́fà ń lo kànga kan, ẹ rò ó wò.

Kì í ṣe àsọdùn ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ ìdáwà yìí dé ibi tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi yan mínísítà lé e lórí ní January 2018. Bí wọ́n ṣe ń yan ti ètò ìlera ni wọ́n ṣe yan ẹni tó máa bójú tó ìdáwà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé àwàdà ni. Àwọn onílùú gan-an ló ń ṣe báyìí, ká má tíì wá sọ ti àlejò tó ti Jos lọ.

Ó ku ti owó, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìbínú yẹn ti wá. Owó tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ £38,766 lọ́dún ní September 2024. Alhaji ti sọ ọ́ di náírà lórí fóònù rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là gbòò. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni Alhaji, ó yẹ kó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé gbogbo owó tó bá wọ dúrọ́ọ̀ lọ́jọ́ ọjà ni èrè? Owó orí á jáde níbẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì á jáde, owó ilé á kó ìyókù dání. Owó ìtọ́jú ìlera tí àwọn tó ń gba físà ń san nìkan, £1,035 ni lọ́dún kan, wọ́n sì ń gba ti gbogbo ọdún físà náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó gba físà ọdún mẹ́ta, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ wá wo ohun tí ọmọ náà ń ṣe ní Sátidé tí wọ́n ní ó ń fi owó ṣòfò. Ìsáré tí wọ́n rí yẹn, parkrun ni wọ́n ń pè é. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé ni, kìlómítà márùn-ún, ọ̀fẹ́ ni. Lọ́ńdọ̀nù náà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2004, nínú Bushy Park, èèyàn 13 péré ló sáré lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lónìí ó ti kárí orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ẹni tí kò lè sáré, kó rìn. Ẹni tí kò fẹ́ rìn, kó bá wọn dúró lójú ọ̀nà kó máa pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ní, "Ta ló ń lé e?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, nígbà òtútù, agogo mẹ́wàá tiwa níbí ni mẹ́sàn-án tiwọn. Ó túmọ̀ sí pé inú páàkì gan-an ni ọmọ náà dúró sí tí wọ́n fi ń bú u.

Lẹ́yìn ìsáré ni wọ́n máa ń lọ mu kọfí. Ife kan ni, nǹkan tí wọ́n sì ń bá ara wọn sọ níbẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ibẹ̀ ló ti mọ tíṣà ọmọ Poland kan tó fi hàn án bí èèyàn ṣe ń bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù. Ibẹ̀ ló ti mọ obìnrin Jàmáíkà tó bá a wá yàrá tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹ̀kọ́ wo ni ẹbí lè kọ́ ọ láti Jos lórí nǹkan wọ̀nyẹn?

Ní Sátidé kan, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí lọ sí British Museum. Wọn kì í gba owó ìwọlé níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 wà níbẹ̀. Ó ní òun dúró níwájú rẹ̀, òun ń ṣàlàyé bí onílé ṣe ń ṣàlàyé ilé rẹ̀ fún àlejò, ni àwọn èèyàn tí òun ò mọ̀ rí bá dúró, wọ́n ń gbọ́. Bóyá ó yẹ kí orí náà ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ mìíràn la ó sọ ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, àwọn ọmọ kékeré ń fi ahọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ní Sátidé, àgbàlagbà dúró gbọ́ ọ. Bọ́ọ̀sì tó gbé e lọ, £1.75 ni.

Tó bá ń darí bọ̀, ó máa ń gba Rye Lane ra iṣu àti ata. Ó ní ọjọ́ kan, òun gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ Hausa lẹ́yìn òun, òun yí padà, òun ní "Sannu da aiki," ni omi bá bọ́ lójú òun. Ní Sọ́ńdè, mọ́ṣáláṣí tí àwọn Mùsùlùmí ọmọ Nàìjíríà ní ní Old Kent Road ló máa ń lọ, kó lè gbọ́ Yorùbá.

Èmi náà ní ẹjọ́ tí mo ń bá a rò, kì í ṣe pé mò ń gbè é lẹ́yìn lórí gbogbo nǹkan. Aṣọ ẹbí mẹ́rin láàárín oṣù méjì, mo sọ fún un pé ó ti pọ̀ jù. Ó ní tí òun ò bá rà á, wọ́n á ní òun ń gbéraga. Ayẹyẹ wa lọ́hùn-ún ti fẹ́ burú ju ti ilé lọ: aṣọ, gèlè, owó ìnáwó, ọkọ̀ tó máa gbé èèyàn padà lóru. Ibẹ̀ ni owó ń lọ. Àmọ́ ẹ wo nǹkan tó yà mí lẹ́nu: fọ́tò aṣọ ẹbí ni ẹbí ń yìn! "Ọmọ wa ò gbàgbé àṣà." Ìsáré ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bínú sí.

Ẹlòmíràn ní, àjò kì í dùn kí onílé má relé, pé gbogbo eré yìí ló máa jẹ́ kó gbàgbé ilé. Ṣé àwa tí à ń sọ ọ́ ti relé? Àwọn bàbá wa dé Jos nígbà tí wọ́n ṣì ń wa kùsà. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe? Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni wọ́n dá sílẹ̀. Gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n ń pàdé, tí wọ́n ń dá owó, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń lùlù. Bí ẹnì kan bá kọ lẹ́tà láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé wọ́n ń ṣe fàájì, mi ò gbọ́ ọ rí.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ ìlú ẹni nìkan. Ní September 2001, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Jos lọ́jọ́ Fúráìdè yẹn, mi ò lè dé ilé ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin Berom kan, Kìrìsìtẹ́nì, ló kó èmi àti ìyàwó mi àti àwọn ọmọ sí yàrá rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Báwo ni mo ṣe mọ̀ ọ́n? Bọ́ọ̀lù la jọ máa ń wò ní Sátidé. Owó orí ìjókòó àti ohun mímu tí mo ná síbẹ̀ nígbà náà, ìyàwó mi máa ń pè é ní ìnákúnàá. Láti 2001, kò tún pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà lọ́hùn-ún rèé. Ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ, ẹ fẹnu kò lórí iye tó lè máa fi ránṣẹ́ lóṣù àti ọjọ́ tó máa dé. Tó bá ti dé, èyí tó kù lápò rẹ̀, tirẹ̀ ni, ẹ má bá a ṣírò rẹ̀. Ìpàdé ẹbí orí fóònù ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹ pa á tì. Alẹ́ Sọ́ńdè ló dáa, nígbà tó bá ń lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, torí ìgbà yẹn gan-an ló ń wá ẹni bá sọ̀rọ̀. Kí Alhaji sì kọ́kọ́ pè é lọ́sẹ̀ yìí, kó má mẹ́nu kan owó rárá, kó kàn bi í pé kìlómítà márùn-ún yẹn, ìṣẹ́jú mélòó ló fi sá a.