Kókó ọyàn: ẹ má dá epo pupa lẹ́bi

Ìyá kan tó ń ta epo pupa ní Odò-Ogbè, nílùú Ilé-Ifẹ̀, ló kọ̀wé sí mi. Ó ní ẹni ọdún 52 lòun, nǹkan oṣù òun ti dúró láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Oṣù mẹ́rin rèé tọ́wọ́ òun ti ba kókó kan nínú ọyàn ọ̀tún. Kò dun òun rárá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní epo tó ń jẹ ló dì síbẹ̀, kó máa fi àgúnmu yọ́ ọ. Ó wá bi mí pé ṣé kóun má jẹ epo mọ́ ni?

Ìyá mi, ẹ jẹ epo yín, ẹ má kàn jẹ ẹ́ lájẹjù. Epo ọbẹ̀ kì í lọ dì sínú ọyàn bó ṣe ń dì nínú kẹ́ẹ̀gì nígbà ọyẹ́. Ọ̀rá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ibi táwọn ọ̀rẹ́ yín fojú sí.

Èérún kéékèèké tójú lásán ò lè rí ló para pọ̀ di ara wa. Sẹ́ẹ̀lì làwọn dókítà ń pè wọ́n. Ọ̀kan á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ lọmọdé ṣe ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ legbò ṣe ń jinná. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kì í ṣàdédé pín, àṣẹ ló ń gbà. Lára ohun tó ń pàṣẹ fún ti ọyàn ni ẹ́sítírójìn, tí ara ń fi ọ̀rá kan tó ń jẹ́ kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ṣe. Òun ló ń mú kí ọyàn ọmọbìnrin yọ. Nítorí pé ìran ọ̀rá lòun náà, wẹ́rẹ́ ló ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ. Á bá àgádágodo kan níbẹ̀, á ṣí i bíi kọ́kọ́rọ́, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Bí sẹ́ẹ̀lì bá wá ya ìpátá, tó di jẹjẹrẹ, tó sì ní àgádágodo yìí, àṣẹ kan náà lá máa mú un gbilẹ̀.

Ẹ máa ní, nǹkan oṣù tó ti dúró ńkọ́? Ọ̀rá ara fúnra rẹ̀ ló kù tó ń ṣe ẹ́sítírójìn. Ìdí nìyẹn tí ìsanrajù fi ń dá kún ewu jẹjẹrẹ ọyàn fún àgbà obìnrin. (Mo mọ̀ pé oríyìn ni nílẹ̀ wa kí wọ́n ní èèyàn sanra o!)

Lọ́dún 1896, dókítà George Beatson ní Glasgow jẹ́ kí aráyé mọ̀ pé òun yọ ilé ẹyin obìnrin kan tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, jẹjẹrẹ náà sì súnkì. Lónìí, oògùn tó ń jẹ́ tamoxifen wà. Ó ń wọ àgádágodo yẹn, kò ní ṣí i, kò sì ní jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ gidi ráyè wọlé. Àmọ́ jẹjẹrẹ ọ̀pọ̀ obìnrin ilẹ̀ wa ni kò ní àgádágodo náà rárá. Tamoxifen ò wúlò fún irú wọn, oògùn mìíràn ni wọ́n ń lò. Àgúnmu wo ló fẹ́ mọ ìyàtọ̀?

Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò jìnnà sí yín. Láti 2013 làwọn dókítà ibẹ̀ ti ń bá ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ti New York ṣiṣẹ́ lórí jẹjẹrẹ, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní ARGO. Wọ́n á mú díẹ̀ nínú kókó náà, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ kókó ọyàn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bó bá wá jẹ́ òun, ẹ béèrè bóyá ó ní àgádágodo ẹ́sítírójìn. Ẹ má sì tìtorí pé kò dùn yín fọkàn balẹ̀. Jẹjẹrẹ ọyàn kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ti pọ̀ jù, ìyá mi. Ẹ fi ìsọ̀ sílẹ̀ fọ́mọ yín lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ lọ. Bẹ́ ẹ bá dé, ẹ kọ̀wé sí mi.