Rédíò Tí Ń Gbèsì: Ta Ni Ó Ní Wáyà Orí Òrùlé Kò Tó Fi Díje?

 Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ síta lónìí.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni orúkọ tí àwọn baba wa fún rédíò. Orúkọ náà bá àpótí onírẹdifúṣọ̀n tí ìjọba amúnisìn gbé wọ Èkó ní ọdún 1935 mu rẹ́gí: ó ń sọ, ẹ̀yin ń gbọ́, kò sí ibi tí ẹ ó gbà dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n rédíò mìíràn wà tí ń gbèsì. Rédíò àfẹ́ṣe ni mò ń pè é, nítorí pé ìfẹ́ ni a fi ń ṣe é, kì í ṣe owó. Ham ni gbogbo ayé ń pe àwọn tí ń ṣe é. Ẹni tí ó bá gba ìwé àṣẹ ìjọba yóò ní orúkọ ìpè tirẹ̀, èyí tí ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N ní Nàìjíríà, yóò sì máa bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì tàbí Brazil sọ̀rọ̀ láìlo fóònù, láìlo íntánẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n tún máa ń díje. Gbajúgbajà kan nínú àwọn ìdíje náà ni CQ World Wide. Ti ohùn ẹnu wà ní ìparí ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn oṣù Ọ̀wàrà, ti Morse wà ní ti oṣù Bélú. Wákàtí 48 gbáko ni. Lọ́dọ̀ tiwa, aago kan òru mọ́jú ọjọ́ Sátidé ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá pàdé ẹnì kan, ẹ ó sọ bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ sí, ẹ ó sì sọ nọ́ńbà ẹkùn yín. Ẹkùn 35 ni Nàìjíríà wà. "Five nine three five" ni mo ń sọ títí ẹnu fi ń ro mí. (Ní Ọ̀tà, tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí ìlú àwọn ìyá àgbà, ẹni tí ó ta wáyà sórí òrùlé tí ó sì ń dá sọ̀rọ̀ lóru gbọ́dọ̀ tètè ṣàlàyé ara rẹ̀ fún àwọn alábàágbé.)

Ìjà mi nìyí. Nígbà tí mo sọ fún àgbà kan nínú iṣẹ́ yìí pé mo fẹ́ díje láti ilé mi ní Sango, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kọ́kọ́ ri opó irin 20 mítà, kí n gbé áńtẹ́nà Yagi lé e lórí, kí n ra ẹ̀rọ tí ń sọ 100 wáàtì di 1,000, kí n má baà dójú ti orílẹ̀-èdè. Kì í ṣe òun nìkan ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Irọ́ ni mo pè é, ó sì ń ṣe wá níbi. Ọ̀dọ́ tí ó bá gbọ́ ọ á ká wáyà rẹ̀, á máa retí owó tí kò ní dé. Bí ìdíje bá sì bẹ̀rẹ̀, aráyé á máa wá Nàìjíríà lórí afẹ́fẹ́, a ó sì dákẹ́ lọ gbári.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò jà. Lórí bándì 10 mítà, áńtẹ́nà oníwáyà kò ju nǹkan bíi mítà 5 lọ láti ìkángun dé ìkángun. Ti bándì 20 mítà kò ju nǹkan bíi mítà 10. Wáyà iná tí mo rà lọ́jà Sango ni tèmi, páìpù ike ni mo gé sí àárín rẹ̀, ọ̀pá oparun lórí òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì gbé e dé nǹkan bíi mítà 10 sókè. Lórí bándì 10 mítà, gíga náà tó ìgbì kan gbáko. Ẹni tí ó bá fẹ́ irú gíga bẹ́ẹ̀ lórí bándì 40 mítà, opó 40 mítà ni yóò rì! Ẹ̀rọ 1,000 wáàtì ńkọ́? Dẹ́síbẹ́lì 10 péré ni yóò fi kún ohùn mi. Dẹ́síbẹ́lì 6 ni ìpele kan lójú òṣùwọ̀n ẹni tí ń gbọ́ mi, nítorí náà kò tó ìpele méjì. Ṣé èyí ni kí n torí rẹ̀ ta ilẹ̀ baba mi?

Ibi tí a wà gan-an ń ràn wá lọ́wọ́. Ìpele ojú ọ̀run tí a ń pè ní ionosphere ni ó ń dá ìgbì wa padà sílẹ̀ lọ́nà jíjìn, ó sì máa ń nípọn ní agbègbè ìlà agbede-méjì ayé. Ìbàdàn wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n nígbà ìwádìí àgbáyé ọdún 1957 sí 1958. Ní ọdún 2024 ni oòrùn sì dé góńgó ìyípo rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹẹ̀dọ́gbọ̀n, èyí tí ó mú bándì 10 mítà jí pépé.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń ka máàkì. Ará Jámánì tí ó bá bá ará Faransé sọ̀rọ̀ gba máàkì 1. Bí ó bá bá mi sọ̀rọ̀, èmi àtòun gba 3, nítorí pé àgbáyé wa yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn èyí, iye orílẹ̀-èdè àti ẹkùn tí ènìyàn bá kó jọ ni wọ́n fi ń sọ máàkì rẹ̀ di ìlọ́po. Òun ni ó ń wá mi. Àwọn kan á ní bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. N kò gbà. Wáyà mi kì í ṣe òòbẹ̀ rárá.

N kò ní purọ́: Yagi dára ju wáyà lọ, ẹni tí ó ń lé ipò kìíní lágbàáyé yóò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsọ̀rí 100 wáàtì wà, ti 5 wáàtì náà wà. Onílé mi bẹ̀rù pé àrá yóò tẹ̀ lé wáyà wọlé. Mo fi hàn wọ́n bí mo ṣe ń yọ ọ́ bí òjò bá ṣú, wọ́n sì gbà.

Ọ̀tá gidi ni ariwo, ẹnikẹ́ni kì í sì sọ ọ́ fún ọmọdé. Ní Ọ̀tà, àwọn iléeṣẹ́ ń yọ́ irin, jẹnẹrétọ̀ ń ké, ìńfátà àti ṣájà olówó pọ́ọ́kú ń hó sórí bándì bí ẹ̀fúùfù. Kò sí ẹ̀rọ 1,000 wáàtì tí yóò mú mi gbọ́ ẹni tí ariwo bò mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo pa gbogbo iná ilé, mo fi bátìrì gbé rédíò sókè, mo ń tan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣájà tẹlifíṣọ̀n tèmi gan-an ni olè! Mo yọ ọ́ sọnù, mo sì gbọ́ Japan lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí àwọn àgbà máa kọ́ ọ̀dọ́ ní èyí, ní Yorùbá, dípò tí wọ́n fi ń ka iye opó fún wọn.

Mo ti ránṣẹ́ pe àgbà náà pé kí ó wá jókòó tì mí ní oṣù Ọ̀wàrà. Kò tíì fèsì. Mo ti ra okùn láílọ́ọ̀nù tuntun ní tèmi, nítorí pé oòrùn ti jẹ èyí tí ó wà lórí òrùlé.