Ìpè tí ó kẹ́yìn ìwàásù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìṣe ibì kan, èèwọ̀ ibòmíràn. Ó yẹ kí oníwàásù tí ó bá ń kọjá ààlà Nàìjíríà lọ sí ìhà Àríwá fi òwe yìí sọ́kàn. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, bí ìwàásù bá ti ń parí lọ, tí ẹgbẹ́ akọrin ń rọra dá orin, kò ṣòro kí oníwàásù ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi ayé rẹ̀ fún Jésù nawọ́ sókè, kí ó sì jáde síwájú. Ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ ni yóò pàdé onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n ní Kirkissoye, àdúgbò kan ní apá ọ̀tún Odò Ọya ní Niamey, olú-ìlú Niger, ìrìn kékeré láti orí ìjókòó dé iwájú pẹpẹ lè jìn ju ìrìn-àjò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Niger. Ẹni tí ó bá dìde níbẹ̀, ojú Ọlọ́run nìkan kọ́ ni ó ti dìde. Ó dìde lójú bàbá àti ìyá, lójú aládùúgbò àti oníbàárà. Ilé, ìgbéyàwó àti ọjà rẹ̀ lè wà nínú ewu. Lóòótọ́, àwọn ẹlẹ́sìn méjèèjì kì í bá ara wọn jà lójoojúmọ́. Síbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2015, nígbà tí inú bí àwọn ènìyàn sí àwòrán tí ìwé ìròyìn kan ní Paris yà nípa Ànábì, ènìyàn mẹ́wàá kú ní Niger, ṣọ́ọ̀ṣì márùndínláàádọ́ta ni àwọn ọlọ́pàá sì ní wọ́n jó ní Niamey nìkan. Ẹni tí ó rántí ọjọ́ wọ̀nyẹn mọ ohun tí jíjáde síwájú lè ná ènìyàn.

Jíjáde síwájú kọ́ sì ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìjọ ti ń gba ènìyàn wọlé. Ní ọdún 1830, ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, Charles Finney ya ìjókòó iwájú sọ́tọ̀ fún àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀, ibẹ̀ ni àṣà náà sì ti gbilẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, Afàlá, ìyá Àjàyí Crowther, tún rí ọmọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ọdún 1848 ni ó tó ṣe ìrìbọmi, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ àti sùúrù. Ní Òkè-Ọ̀oyè ní Iléṣà ní ọdún 1930, nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, oògùn àti ère ni àwọn ènìyàn kó jáde láti sun. Ọ̀nà pọ̀, ìpè kan ni.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí oníwàásù dákẹ́. Ìwàásù tí kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí ó gbọ́ ọ, ìròyìn lásán ni. Kí ó pè, ṣùgbọ́n kí ó sọ ohun tí ó ń pe ènìyàn sí ní kedere, kí ó má pa ìgbàlà, ìwòsàn àti owó pọ̀ mọ́ ara wọn. Kí ògbufọ̀ sì lóye ìpè náà kí ó tó túmọ̀ rẹ̀ sí Zarma tàbí Haúsá. Kí a má fi orin tí kò lópin tàbí ọ̀rọ̀ ìtìjú ti ẹnikẹ́ni síwájú. Jésù fúnra rẹ̀ ní kí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀.

Kí ilẹ̀kùn mìíràn sì ṣí sílẹ̀. Òru ni Nikodémù tọ Jésù wá, a kò sì lé e padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè dúró lẹ́yìn ìsìn, ó lè ránṣẹ́ sí pásítọ̀, ó sì lè bá Kristẹni kan tí ó fọkàn tán sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Iṣẹ́ gan-an wà lẹ́yìn ìpè. Àlejò oníwàásù yóò wọkọ̀ padà sílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó dìde yóò jí ní Kirkissoye. Bí ìjọ kò bá tíì pinnu ta ni yóò bẹ̀ ẹ́ wò, ta ni yóò kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́, ta ni yóò fún un ní ibùsùn bí wọ́n bá lé e jáde nílé, kò tíì tó àkókò láti ní kí ó jáde síwájú.