Nọ́ńbà Kì Í Wo Aláìsàn Sàn

Ẹni márùn-ún ni géèmù World of Warcraft ń béèrè kí wọ́n tó wọ inú ihò lọ bá ọ̀tá: ẹnì kan ní iwájú tí yóò fi àyà gba ìyà, àwọn mẹ́ta tí yóò máa kọlu ọ̀tá, àti oníwòsàn kan ṣoṣo tí ẹ̀mí àwọn mẹ́rin yòókù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo bí olórí ẹgbẹ́ ṣe ń yan oníwòsàn yìí. Kò bi í léèrè bóyá ó ti wọ ihò náà rí. Kò wo ohun tó fi sọ́rùn tàbí ohun tó fi sí ìka. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń wò, èyí tí wọ́n ń pè ní item level, ìyẹn ìpele ìhámọ́ra. Bí nọ́ńbà yẹn bá fi díẹ̀ dín sí ti ẹlòmíràn, ó ti lé e dànù nìyẹn. Bí ẹgbẹ́ náà bá wá kú tán níwájú ọ̀gá ọ̀tá kejì, oníwòsàn tó ní nọ́ńbà ńlá tí wọ́n fi ayọ̀ gbà wọlé náà ni wọn yóò kọ́kọ́ bú.

Ìwà òmùgọ̀ ni. Ó sì ti pẹ́ nínú géèmù náà ju ọdún 15 lọ, débi pé àwọn tó ń hù ú rò pé òfin ni.

Ó yẹ kí ẹni tí kò gbá géèmù yìí rí mọ ohun tí à ń sọ. Blizzard Entertainment, ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ló gbé World of Warcraft jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004. Gbogbo ohun tí akọni inú rẹ̀ ń wọ̀, láti orí fìlà irin títí dé bàtà àti òrùka, ló ní èròjà agbára lára, bí ewé àti egbò ṣe ń wà nínú àgbo. Intellect, ìyẹn làákàyè, ló ń mú kí ọfọ̀ ìwòsàn lágbára. Stamina ni ìlera ara, òun ni kì í jẹ́ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tètè kú. Haste ń mú ọfọ̀ yá lẹ́nu. Critical Strike ń jẹ́ kí ọfọ̀ kan ṣàdédé ṣiṣẹ́ ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ èyí tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Versatility ń fi díẹ̀ kún gbogbo iṣẹ́, ó sì ń dín ìyà tó ń bá ara kù. Mastery yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ oníwòsàn kan sí èkejì. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni mana, epo tí wọ́n fi ń pe ọfọ̀. Bí mana bá tán, oníwòsàn di òǹwòran.

Item level ni ohun tí géèmù náà ń rí nígbà tó bá ro ìpele gbogbo ẹrù wọ̀nyí pọ̀ tó sì fi iye wọn pín in. Ó ń sọ bí ẹrù ṣe tóbi tó. Kò sọ ohun tó wà nínú ẹrù.

Ìtàn èròjà kan tí wọ́n ń pè ní Hit fi èyí hàn gbangba. Kí ọfọ̀ má baà tàsé ọ̀tá ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ọfọ̀ ìwòsàn kì í tàsé ọ̀rẹ́, nítorí náà Hit kò wúlò fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwòsàn. Síbẹ̀, ẹ̀wù tí Hit wà lára rẹ̀ àti ẹ̀wù tí ohun tí oníwòsàn nílò wà lára rẹ̀ lè ní ìpele kan náà. Ní ìgbà Wrath of the Lich King, ẹ̀dà géèmù náà tó jáde ní ọdún 2008, áàpù kékeré kan gbòde tí wọ́n ń pè ní GearScore. Ó ń sọ gbogbo ìhámọ́ra ènìyàn di nọ́ńbà kan, kò sì mọ Hit yàtọ̀ sí ohunkóhun mìíràn. Oníwòsàn tó kó Hit rẹpẹtẹ jọ lára ẹrù ńláńlá ń wọlé. Ẹni tó fi ọgbọ́n yan ẹrù tó kéré díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, ń dúró síta bí ẹni tó wá tọrọ. Ọdún 2014 ni Blizzard yọ Hit kúrò nínú géèmù náà. Àṣà ká máa fi nọ́ńbà kan ṣoṣo díwọ̀n ènìyàn kò bá a lọ.

Ti Spirit ló wá dunni jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ géèmù náà, Spirit ló ń dá mana padà fún oníwòsàn, ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀: ẹni tó bá ná mana pe ọfọ̀ gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 kí Spirit tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èròjà mìíràn wà tí ń fún ènìyàn ní mana ní ìṣẹ́jú-àáyá 5-5, yálà ó ń pe ọfọ̀ tàbí kò pe é. Ìyàn gidi nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ òun ní àyè ìsinmi, tó lè mú ọwọ́ dúró kí ẹlòmíràn gbà á, yóò kó Spirit jọ. Ẹni tí wọ́n yàn ti ẹni iwájú, tí kò sì lè mójú kúrò lára rẹ̀, yóò wá èkejì lọ. Nígbà tí ẹni 40 ń wọ Molten Core pọ̀, àwọn oníwòsàn máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ni, bí àwọn ọlọ́dẹ òru ṣe ń pín àṣálẹ́. Ìhámọ́ra ń tẹ̀ lé iṣẹ́ nígbà náà, kì í ṣe iṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé ìhámọ́ra. Àwọn tó ń gbá WoW Classic, tí Blizzard gbé padà wá ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ṣì mọ òfin ìṣẹ́jú-àáyá 5 yẹn dáadáa. Kò sí item level kan tó lè sọ fún olórí ẹgbẹ́ bóyá oníwòsàn tó wà níwájú rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá gbàgbé ọ̀rọ̀ mana, ọdún 2010 ló kọ́ gbogbo ènìyàn. Ní ìparí Wrath, mana kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìṣòro mọ́. Àwọn oníwòsàn ń kó Haste jọ, wọ́n ń pe ọfọ̀ tó tóbi jù lọ láìwẹ̀yìn, mítà sì ń yìn wọ́n. Nígbà tí Cataclysm dé ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ẹ̀jẹ̀ àwọn akọni pọ̀ sí i, ọfọ̀ ńlá sì di ọ̀wọ́n gógó. Àwọn tí nọ́ńbà wọn ga jù lọ ní oṣù tó kọjá wá rí i pé mana wọn ti gbẹ kí ìjà tó dé ìdajì. Ariwo gba ìlú débi pé Greg Street, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ń ṣètò géèmù náà, kọ àpilẹ̀kọ ní oṣù Kìíní ọdún 2011 láti gbèjà bí àwọn ihò tuntun náà ṣe le. Ta ni wọ́n ń bú ní gbogbo àkókò yẹn? Oníwòsàn ni. Kò sí ẹni tó bi ajagun tó dúró sínú iná léèrè ohun tó ń wá níbẹ̀.

Ọdún 2016 ni ẹ̀dà Legion mú Spirit kúrò lára ìhámọ́ra pátápátá. Àwọn tí kò fẹ́ wàhálà yọ̀. Lóòótọ́ ni ó dín ìṣirò kù, ṣùgbọ́n ó gba èròjà tó fi ẹni tó ń múra ogun gígùn hàn yàtọ̀ sí ẹni tó ń múra ogun kúkúrú lọ́wọ́ oníwòsàn. Ọ̀rọ̀ mana kò sì tán síbẹ̀. Ẹni tó kó Haste jọ yóò pe ọfọ̀ púpọ̀ láàárín àkókò kékeré, mana rẹ̀ yóò sì yára tán. Ọkọ̀ tó bá sáré kúrò ní Èkó, tí epo rẹ̀ wá tán ní Ṣàgámù, kò tíì gbé ẹnikẹ́ni dé Ìbàdàn.

Àwọn tó ń gbèjà nọ́ńbà ní àwíjàre kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sì yẹ kí á fi dù wọ́n. Ní ti ẹ̀wù, ṣòkòtò, bàtà àti fìlà, ìpele gíga a máa mú Intellect àti Stamina púpọ̀ wá, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì tọ́ kí oníwòsàn wọ èyí tó ga jù. Ẹni tó bá wọ àkísà wá síbi ogun ńlá ń fi àkókò àwọn ẹlòmíràn ṣòfò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bojú wo òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn. Láti ìgbà Legion ni Intellect kò ti sí lára wọn mọ́; Stamina àti àwọn èròjà kéékèèké bíi Haste àti Mastery ló kù síbẹ̀. Òrùka tí ìpele rẹ̀ kéré, tí èròjà rẹ̀ bá iṣẹ́ mu, lè dára ju èyí tó ga lọ. Oníwòsàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi òrùka kékeré yẹn sí ìka, item level rẹ̀ yóò wálẹ̀, olórí ẹgbẹ́ yóò sì lé e. Ìmọ̀ rẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀.

Mastery ló wá tú àṣírí náà pátápátá. Fún Shaman tó ń ṣe ìwòsàn, Mastery ń lágbára sí i bí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá ṣe ń lọ sílẹ̀ sí i. Ẹgbẹ́ tó máa ń kó ara rẹ̀ sínú ewu ló ti wúlò jù. Láàárín àwọn tí kì í ṣèṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Ti Paladin ń tẹ̀ lé bí aláìsàn ṣe súnmọ́ ọn tó, nítorí náà bí ọ̀gá ọ̀tá bá tú ẹgbẹ́ ká, agbára rẹ̀ dín kù. Ti Druid ń pọ̀ sí i bí ọfọ̀ rẹ̀ tó wà lára ẹnì kan bá ṣe pọ̀ tó. Èròjà kan náà, orúkọ kan náà, iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tó ń tẹ ìlànà jáde pé èyí ni àkọ́kọ́, èyí ni ìkejì, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbà á bí ẹni gba oògùn, ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nínú wọn? Ìlànà bẹ́ẹ̀ wúlò fún ajagun. Ọ̀tá tó ń lù dúró síwájú rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì lè ṣe ìjà náà ní ẹgbẹ̀rún ìgbà kí ó sọ èròjà tó pa á kíá jù. Aláìsàn oníwòsàn kì í dúró. Ìwà àwọn mẹ́rin yòókù ló ń pinnu iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó mọ ẹni tí yóò gbàgbé láti sá fún iná lálẹ́ òní.

Ní ti mítà tí ń ka iye ìwòsàn, ẹ fi wé aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù. Aṣọ́lé tó mú bọ́ọ̀lù 12 nínú eré kan lè jẹ́ akọni. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti sùn. Oníwòsàn tó bá fi Versatility àti Stamina dáàbò bo ara rẹ̀, tí kò fi ọfọ̀ ṣòfò lórí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kún, yóò wà nísàlẹ̀ mítà, ẹnikẹ́ni kò sì ní kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wà lókè lè jẹ́ pé ó ń já ọfọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni.

Gbogbo èyí ní owó orí tí àwọn olórí ẹgbẹ́ fúnra wọn ń san. Ní ọdún 2011, Blizzard bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Call to Arms: ipò tó bá ṣọ̀wọ́n jù lọ ní wákàtí kan, wọ́n á fi àpò ẹ̀bùn tan ènìyàn wá sínú rẹ̀. Ẹni iwájú ni wọ́n ń wá jù, àwọn oníwòsàn ló tẹ̀ lé e. Àwọn ajagun ló ń to ìlà gígùn. Ó yani lẹ́nu pé àwọn tó ń kígbe pé oníwòsàn kò sí mọ́ ni àwọn kan náà tó ń lé wọn nítorí òrùka. Ta ni yóò gba iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ohun tí kò wo ènìyàn sàn díwọ̀n, tí wọ́n sì ń fi ikú ẹni tí kò gbọ́ràn bú u?

Kí olórí ẹgbẹ́ béèrè lọ́wọ́ oníwòsàn bí mana rẹ̀ ṣe máa ń kù tó nígbà tí ọ̀gá ọ̀tá bá kú. Kí ó béèrè ìdí tó fi yan òrùka tó wà níka rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ìdáhùn tán. Kí ó sọ fún un, láìfi bò, irú ẹni tí àwọn mẹ́ta tó ń jagun jẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹgbẹ́ tó sì ti ń dúró de oníwòsàn fún ìdajì wákàtí ní ìṣẹ́jú méjì lọ́wọ́.