Béèsì Tí Ó Tó Etí

Bí ọ̀dọ́ ìwòyí bá fẹ́ ra hẹ́dífóònù, ohun tí ó kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé, “Ṣé béèsì rẹ̀ lágbára?” Èmi kò kórìíra béèsì, orin tí kò ní ohùn ìsàlẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, a máa bo ohùn tí ó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi àpàlà Haruna Ishola dán ẹ̀rọ náà wò. Agídìgbo ni béèsì ibẹ̀, ó sì ní ààyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá gbọ́ ohun tí ìlù ń wí mọ́, tí gbogbo rẹ̀ di gbì-gbì-gbì, ẹ má ṣe rà á. (Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti bá mi jiyàn lórí èyí títí.)

Ní ti èyí tí a ń kì bọ etí, bí rọ́bà rẹ̀ bá kéré ju ihò etí lọ, béèsì yóò jò dànù. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rọ́bà ná.

Èyí tí ó burú jù ni kí a máa yí ohùn sókè nítorí béèsì nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi 80 désíbẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ṣe òdiwọ̀n fún àgbàlagbà. Ti ọmọdé kò ju 75 lọ.